Ẹni Tí A Ò Kí Lẹ́yìn Ìdìbò

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá bá mi nílé ní Kamazou, ní ìlú Kaduna, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n jókòó sórí àwọn àga oníke mi, wọ́n ní ìdìbò tún ń bọ̀, àwọn fẹ́ gbọ́ bí àwọn obìnrin Makera ṣe jókòó ti àpótí ìbò láyé ọjọ́un. Mo sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà àgbà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó rẹ̀ mí ní irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí kòtò wà lójú ọ̀nà, tí kò wí fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìkà ni onítọ̀hún, n ò sì fẹ́ kú ní ìkà. Nítorí náà ni mo ṣe gbé bírò.

Ìgbà tí mo ń sọ yìí, ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìjọba alágbádá ti dé, a rò pé ara yóò tù wá, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kakuri ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò. Aṣọ á máa kọjá lórí tábìlì oníná, èmi á máa fi ojú wá àbùkù rẹ̀: ibi tí òwú ti já, ibi tí àwọ̀ ti ṣàn kọjá ààlà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé ojú mi kò ní àánú. Èmi náà ni aṣojú àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí pé ẹnu mi kò ní àánú bákan náà. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ojú àti ẹnu di aláìníṣẹ́, mo sì kó àwọn méjèèjì lọ sínú ìṣèlú àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ jìnnà, torí pé ẹ̀yin tí wọ́n bí lánàá lè má mọ̀. Ìlú yìí ti bá ara rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kí ìdìbò yẹn tó dé, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti pọn ọmọ sáré wọ bárékè rí, mo sì padà wá bá páànù ilé wa nílẹ̀ láàárín eérú. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, inú yàrá aládùúgbò ni mo sá sí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu Ṣọlá ọmọbìnrin mi kó má baà wúkọ́. Ọkọ mi kú kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi mọ ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ náà ru.

Àwọn èèyàn á máa wí fún mi pé ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òwe náà dáa, ó kàn jẹ́ pé kò bá wa gbé Kaduna ni. Ní tèmi, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Títí di òní, bí wọ́n bá ju páànù sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, àyà mi á já, ọwọ́ mi á ti máa wá ẹnu Ṣọlá kí n tó rántí pé ó ti wà nílé ọkọ.

Ràmọ́tù ni ọ̀rẹ́ mi nígbà náà. Ọmọ Ìlọrin ni, mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé wa ní Makera. Atampa, aṣọ àǹkárá, ló ń tà. Ràmọ́tù kì í fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ. Á fi eyín gé etí rẹ̀ díẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á sì fà á ya lẹ́ẹ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn oníbàárà tiẹ̀ máa ń dúró wò ó. Èmi tí mo fi ojú jẹun nídìí àbùkù aṣọ, n kò rí i kó wọ́ rí níbi tí Ràmọ́tù bá ti fà á ya.

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹni tí a fẹ́ jẹ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti kọ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ní ìwé, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń pè ní Tíṣà. Kò lówó, kò sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ó ní òun yóò gbẹ́ gọ́tà, òun yóò sì jẹ́ kí a mọ ibi tí owó àdúgbò bá gbà lọ. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wa ti rí, ìyẹn tó wa. Ní tòótọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi ju gọ́tà lọ. Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ti sá fún ara wọn tún jókòó sórí ẹní kan náà, kí a sì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ìlú yìí yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù.

Ètò tí mo ṣe rọrùn. Bí a bá dìbò tán, a ò ní lọ sílé. A ó gbé ẹní àti oúnjẹ wá sí pápá ilé ìwé tí a ti dìbò, a ó jókòó títí wọn yóò fi ka ìbò náà, a ó sì tẹ̀lé èsì dé ibi tí wọ́n ti ń kó o jọ. Ràmọ́tù ló lọ bá àwọn obìnrin Hausa láti ilé dé ilé. "Mu tsare kuri'armu," ló ń wí fún wọn, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ìbò wa. Wọ́n sì wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè jẹun. Ẹní tò lọ láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì dé ìdí igi máńgòrò, hìjáàbù àti gèlè jọ wà lórí rẹ̀, àwọn kan ń bó ẹ̀pà, àwọn kan ń bú ọkọ wọn.

Ọlọ́pàá kan wá dúró lórí mi. "Mama, you don vote. Go house now."

Hausa ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ọbẹ̀ ti jinná, wọn ò tíì bù ú. Ta ló ń fi ìkòkò sílẹ̀ nírú àsìkò yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí a máa wá a, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n ka ìbò lójú wa. Tíṣà ló wọlé, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Òṣìṣẹ́ ìdìbò ní ọkọ̀ tí yóò kó àpótí àti èsì kò tíì dé, kí a ní sùúrù. A ní sùúrù. Oòrùn ń rọlẹ̀. Ràmọ́tù dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ìyá Ṣọlá, a ti gbọ́ èsì. Ẹ jẹ́ kí n lọ kírun Alásàrí nílé, kí n sì wo ọmọ."

"Kírun níbí," mo wí. "Ẹní nìyí. Bí o bá lọ, àwọn yòókù á tẹ̀lé ọ."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó padà wá, ó sì dojú kọ gábàsì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, kò tíì ká ẹní, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kan gba ibi tí ọgbà ti wó wọlé pẹ̀lú igi àti àdá.

N kò ní ròyìn gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹsẹ̀ mi ti kọ́ sísá láti ọjọ́ pípẹ́, kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn táńkì omi ni mo bá ara mi, mo ká jọ síbẹ̀, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Mo gbọ́ igbe. Nígbà tí igbe dá, tí mo jáde, wọ́n ti gbé àpótí àti èsì lọ. Ràmọ́tù wà lórí ẹní ìrun rẹ̀. Ó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi bo orí, ọwọ́ náà ni àdá bá. Orí yè, ẹ̀mí yè. Ọwọ́ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kà lórí rédíò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ìbò ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, wọ́n ti ń sun ilé ní ìhín àti ní ọ̀hún. Ẹ kíyè sí ibi yìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jí ìbò kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìbò náà lọ́wọ́ òun, ó sì rọrùn fún un bí a bá ń béèrè lọ́wọ́ ara wa pé ta ló sun ilé ta. A béèrè títí. Kò sẹ́ni tó rántí àpótí mọ́.

Nígbà tí ìlú rọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa pàdé nílé Bàbá Alága, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó pẹ́ jù lọ láàárín wa. Ẹ mọ̀ bí àwa ṣe ń ṣe. Bí ewu bá kọjá lórí ẹnì kan, a gbọ́dọ̀ lọ kí i. A ó ní, "Ẹ kú ewu." Òun náà á ní, "Ewu iná kì í pa àwòdì." Bí ẹnikẹ́ni ò bá wí i, tí ẹnikẹ́ni ò sì dáhùn, ó dà bí ẹni pé ewu náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá sì gbọ́ tí kò wá kí ọ, o lè má bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọjọ́ alẹ́, ayé ò ní bi ọ́ léèrè ìdí.

Bàbá Alága to ọ̀nà tí a ó gbà. "Ilé àwọn tó ṣòfò ẹ̀mí la ó kọ́kọ́ yà," ó wí. "Lẹ́yìn wọn, àwọn tó fara gbọgbẹ́. Lẹ́yìn wọn, àwọn tí ilé wọn jó." Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá Ṣọlá, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wa. Ẹ lẹ́nu, Ọlọ́run sì bá yín ṣe é, nǹkan kan ò ṣe yín."

Nǹkan kan ò ṣe mí. Gbogbo ilé pátá ló gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà sì gbà. Mo ṣáájú wọn láti ilé dé ilé, mo kí opó, mo kí ẹni tí iná jẹ aṣọ rẹ̀ tán, mo mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ níbi gbogbo. Ìgbà tí a dé ilé Ràmọ́tù ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Àwọn yòókù bọ́ bàtà, wọ́n wọlé. Èmi dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ní kí wọ́n máa lọ, èmi á máa ṣọ́ bàtà, pé olè pọ̀ lágbègbè náà. Mo gbọ́ tí wọ́n kí i. Mo gbọ́ tó dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Mo dúró ti bàtà àwọn èèyàn títí wọ́n fi jáde, n kò sì wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìlú pín. Ẹ̀yin bá a bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí kó lọ sí òkè odò, àwa Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí ìsàlẹ̀. Ràmọ́tù lọ sí Kawo, èmi wá sí Kamazou. Odò tó wà láàárín wa kò fẹ̀, afárá sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, n kò gba orí rẹ̀ lọ wò ó.

Àwọn èèyàn rò pé ìbẹ̀rù ìlú ni. Kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù wà nínú ilé pẹ̀lú mi. Ojú tí mo fi ń wá àbùkù lára aṣọ, ara mi ni mo kọ ọ́ sí. Bí mo bá ń ro ọkà, ojú náà á ní, ìwọ lo ní kó kírun níbẹ̀. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí bẹ́ńṣì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn torí n kò lè jókòó sí ibòmíràn, á ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìwọ wà lọ́jà, ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ, ẹ̀yìn táńkì lo wà. N kò jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá mi. Mò ń sọ ọ́ sí ara mi lójoojúmọ́, mo sì pè é ní ẹ̀rí ọkàn. Mo di oníbìínú. Ṣọlá á wá kí mi, màá bá a jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Wọ́n pè mí sí ìpàdé, n kò lọ. Ìjà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, torí pé nínú ìyẹn, a máa ń lọ sílé lálẹ́.

Ṣọlá ló fà mí lọ rí obìnrin kan ní ilé ìwòsàn kan ní Sabon Tasha, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́rọ̀ àwọn tí ìpọ́njú ti gun orí ìpọ́njú fún. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní mi ò ya wèrè. Ṣọlá, tó ń gbọ́ Yorùbá tí kì í fi í dáhùn, ní, "Haba Mama, nobody say you craze. You just tire." Mo tẹ̀lé e.

Obìnrin náà kò le. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì wo aago. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ìbéèrè kan.

"Màmá, ká ní ọ̀rẹ́ yín ló wà ní ipò yín yìí, kí lẹ máa sọ fún un?"

Inú bí mi. "Ọ̀rẹ́ mi wà ní ipò kan," mo wí. "Ó ń fi ọwọ́ kan ta aṣọ ní Kawo. Ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn."

Mo rò pé mo ti borí, bí mo ṣe máa ń borí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ni òun sọ nípa rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní n kò bi í rí.

"Ẹ lọ bi í."

N kò lọ lọ́jọ́ yẹn, n kò lọ lóṣù yẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé ìkíni tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti di èébú, pé bí ẹnì kan bá wá kí mi lẹ́yìn irú ìgbà yẹn, màá ti ilẹ̀kùn. Ohun tó wá gbé mi lọ ni pé ó rẹ̀ mí ju kí n tún máa sá lọ. Mo ra ọsàn, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì di ọwọ́ àga iwájú mú nígbà tí a ń gun afárá. Kò sí nǹkan kan lórí afárá náà. Àwọn ọmọ ń ta gúgúrú.

Kawo kún bó ṣe máa ń kún. Mo bi àwọn èèyàn léèrè nítòsí gáréèjì lábẹ́ bíríìjì, wọ́n ní kí n lọ sí ọ̀nà àwọn aláṣọ, kí n wá Hajiya Ràmọ́tù. Mo rí i kó tó rí mi. Ó ti sanra díẹ̀. Ó jókòó sáàárín atampa, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, ó fi ìbọ̀sẹ̀ funfun bò ó. Mùlíkà ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ fún oníbàárà. Mo dúró lẹ́yìn oníbàárà náà.

Ràmọ́tù gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Mùlíkà," ó wí, "gbé àga wá fún Ìyá Ṣọlá."

Mo jókòó. Mo gbé ọsàn kalẹ̀. Oníbàárà sanwó, ó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo ti tò láti Kamazou.

"Ràmọ́tù, mo wá kí ọ. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Èmi ni mo ní kí o kírun níbẹ̀. Ká ní mo jẹ́ kí o lọ sílé…"

"Ta ló dá mi dúró?" ó wí. Ohùn rẹ̀ le, ó ya mí lẹ́nu. "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni? Ẹ ní kí n kírun níbẹ̀, mo wò yín, mo rò ó, mo sì dúró. Mo ti rìn káàkiri Makera láti ilé dé ilé nítorí ìbò yẹn. Ìbò mi ni. Èmi ni mo dúró. Ọwọ́ ti lọ, Ìyá Ṣọlá, ẹ má tún gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi."

Fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti ń fi Ràmọ́tù ṣe ọmọdé tí mo fà lọ́wọ́ lọ sínú iná. N kò rò ó rí pé ó ní ìgboyà tirẹ̀, pé èmi ni mò ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń dá ara mi lẹ́bi.

"Mo rí ẹsẹ̀ yín," ni Ràmọ́tù wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kí mi. Ó hàn lábẹ́ kọ́tìnnì. Mo mọ ẹsẹ̀ yín láàárín ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún. Mò ń retí kó wọlé, kò wọlé."

"Ràmọ́tù…"

"Inú bí mi. Wallahi, inú bí mi fún ọdún púpọ̀. Mo ní bí ẹ bá kú, mi ò ní wá. Àfi ìgbà tí inú náà wá rọ̀ ni mo tó rántí dáadáa ohun tí mo rí. Ẹsẹ̀ yẹn ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n, kò sì kúrò níbẹ̀ títí gbogbo wọn fi lọ." Ó fi ọwọ́ òsì tún ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ṣe. "Wọ́n kí mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n kí Tíṣà. Wọ́n kí ẹni tí kò pàdánù ju ewúrẹ́ lọ. Ta ló kí yín?"

"Kí ni wọ́n máa kí mi fún? Nǹkan kan ò ṣe mí."

"Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ẹ ò wà níbẹ̀ ni?" Ó gbé ara rẹ̀ nàró lórí àga, ó sì tẹrí ba, bí wọ́n ṣe ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ kí àgbà. "Ìyá Ṣọlá, ẹ kú ewu."

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbólóhùn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn ní gbogbo ilé tí mo wọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo la ẹnu. Kò jáde. Omi ló ń jáde lójú mi, níwájú ọmọ rẹ̀, níwájú àwọn aláṣọ Kawo, èmi tí mo ti dúró níwájú ọlọ́pàá tí ojú mi gbẹ. Ràmọ́tù kò ní kí n má sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń dúró, nítorí pé ẹni tó bá kíni gbọ́dọ̀ gba ìdáhùn.

"Ewu iná," mo wí nígbẹ̀yìn, "kì í pa àwòdì."

"Kò ní í pa á," ni Ràmọ́tù dáhùn. Èmi náà sì wá kí i, mo sì gba ìdáhùn tèmi.

Oníbàárà mìíràn dé, ó fẹ́ atampa aláwọ̀ ewé. Mùlíkà na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí. Ràmọ́tù ní kó fi í sílẹ̀. Ó fi eyín gé etí aṣọ náà, ó fi ọwọ́ òsì di apá kan mú, ó sì na apá kejì sí mi. "Ẹ bá mi di ibí mú. Ẹ fà á, ẹ má bẹ̀rù."

A fà á. Ó dún bí ó ṣe máa ń dún ní Makera. Irú ìró bẹ́ẹ̀ máa ń já mi láyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà nídìí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ojú mi tí kò ní àánú ti rí i pé aṣọ náà wọ́ ní ìparí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

"Ó wọ́, àbí?" Ràmọ́tù béèrè.

"Ó wọ́ díẹ̀."

"Wọ́n á rà á."

Oníbàárà náà sì rà á.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí a jèrè. Ní pápá ilé ìwé yẹn títí di òní, bí ìdìbò bá dé, àwọn obìnrin ń gbé ẹní wá. Wọn ò mọ orúkọ mi, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a pàdánù pọ̀. Tíṣà gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì pẹ́ ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Gọ́tà ṣì wà bó ṣe wà. Ọwọ́ Ràmọ́tù kò padà, ògiri kan tó wà láàárín ilé wa ti di odò, bí mo bá sì fẹ́ rí i báyìí, mo gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn tó gbé àpótí lọ kò jíhìn fún ẹnikẹ́ni. Gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin ni yóò gbà á, agbára mi ti tán.

Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pẹ́ bí èmi ṣe jẹ́ kó pẹ́. Ẹ gbé ẹní yín, ẹ ṣọ́ ìbò yín. Bí ó bá wá parí, ì báà dára, ì báà burú, tí ẹ ń lọ kí àwọn tí ewu bá, ẹ má fi ojú wá ọgbẹ́ kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹ kí ẹni tó ń ṣáájú yín. Ẹ kí ẹni tó ní òun ń ṣọ́ bàtà. Bí kò bá sì sí ẹni tó rántí yín, ẹ kí ara yín, kì í ṣe èèwọ̀.

Ní tèmi, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Páànù ṣì ń já mi láyà, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo ṣì ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ láràárọ̀, bí mo bá bọ́jú tán, kí ojú tó ń wá àbùkù yẹn tó jí dáadáa, mo máa ń wí pé, "Ìyá Ṣọlá, ẹ kú ewu." Lọ́jọ́ mìíràn, ìdáhùn máa ń pẹ́ kó tó jáde. Mo máa ń dúró dè é.